Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kalalé: oòrùn tó ń bomi rin tòmátì

Lójú máàpù, Kalalé kò jìnnà sí wa. Ẹkùn Borgou ló wà, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ àwọn Ìbàrìbá, Boko àti Fúlàní, ẹnubodè Nàìjíríà sì wà nítòsí rẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Àmọ́ ọ̀nà títì ló ń darí ọkọ̀. Ẹni tó bá ti Èkó lọ máa kọ́kọ́ forí lé ìwọ̀-oòrùn títí dé Kútọnu kó tó gòkè lọ sí àríwá, ọjọ́ méjì gbáko sì nìyẹn tí kò bá fẹ́ rìn lóru. Ohun tó ń gbé àwọn tó ń ṣèwádìí nípa iná oòrùn àti òwò débẹ̀ ni ọgbà ewébẹ̀ mẹ́ta ní abúlé méjì, Bessassi àti Dunkassa. Oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ afami tó ń lo oòrùn síbẹ̀, àbájáde ìwádìí rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìmọ̀ PNAS ti Amẹ́ríkà ní 2010. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Stanford àti ICRISAT, àjọ ìwádìí lórí irúgbìn ilẹ̀ gbígbẹ, ló kọ ọ́. Àjọ SELF (Solar Electric Light Fund) láti Washington ló gbé ẹ̀rọ náà wá.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ mú ìwé ìrìnnà ECOWAS tàbí pásípọ́ọ̀tù dání, àti káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ ṣẹ́ náírà sí sẹfà díẹ̀díẹ̀, nítorí owó ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn nìkan ló máa ń tóbi. Oúnjẹ àti ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, owó kékeré ni. Bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè ni ẹ ó ti máa rí ìgò àti jálá tí wọ́n to sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà. Kpayo nìyẹn, bẹntiróòlù tó ti Nàìjíríà wọlé láìgba ojú ọ̀nà ìjọba. Ẹ má fojú ohun tí kò kàn yín wò ó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bomi rin oko pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré, kpayo ló ń rọ sí i. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo gbówó lórí lójijì, àlàyé tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ṣe nípa ìdí tí oòrùn fi wúlò fún oko, orí tábìlì yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná pàápàá, apá kan èyí tí Kútọnu ń lò ń ti Ìkẹjà gba Ṣakẹ́tẹ́ wá. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà lè rẹ́rìn-ín níbí.

Ó yẹ kí ẹ yà ní Àjàṣẹ́, tó ń jẹ́ Porto-Novo lójú máàpù. Ní Ouando ni Songhaï wà, ibùdó tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Ìgbẹ́ ẹran máa ń lọ sínú kòtò tí wọ́n dé pa, á mú afẹ́fẹ́ ìdáná jáde. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú kòtò á di ajílẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lo ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì tètè bọ́ sọ́nà. Ọ̀rọ̀ wa ń bẹ níwájú.

Kútọnu sí Parakou lé ní irínwó kìlómítà. Àárọ̀ kùtù ni bọ́ọ̀sì ńlá máa ń gbéra, á gba Bohicon, á dé Ìdàáṣà láàárín àwọn òkè, á sì kọjá Ṣábẹ̀. Ní ìlú méjèèjì yìí, Yorùbá yín á ṣiṣẹ́ bí ẹ bá rọra sọ ọ́, tí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Parakou ni kí ẹ sùn. Lọ́jọ́ kejì, takisí á gba N'Dali, á yà sí ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Nikki, ìlú ọba àwọn Ìbàrìbá, kí ẹ tó gòkè sí Kalalé. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni kí ẹ lọ. Eruku pupa á bò yín, ọyẹ́ á sì gbẹ yín lètè, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn nìkan ni ọgbà náà máa ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà òjò, ibi gbogbo ló tutù yọ̀yọ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tí oòrùn ṣe yàtọ̀ sí èyí tí òjò ṣe.

Kí ẹ tó wo ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wo agolo abomirin. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní abala ilẹ̀ tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 120, bíi mítà méjìlá lóròó, mẹ́wàá níbùú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewébẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó báyẹn lè mu nǹkan bí lítà 700 lóòjọ́. Agolo lítà mẹ́wàá, ìgbà àádọ́rin nìyẹn. Bó bá gbé méjì lẹ́ẹ̀kan, ó kù ìgbà márùndínlógójì láti etí odò dé orí ebè, lójoojúmọ́, kó tó kan iṣẹ́ ilé àti ọmọ. Kò sí ẹni tó lè ṣe é tọkàntọkàn fún oṣù márùn-ún, ìdí nìyẹn tí abala ẹ̀ẹ̀rùn fi máa ń kéré, tí tòmátì sì máa ń wọ́n lásìkò tó yẹ kó pa owó fún ẹni tó gbìn ín.

Bí wọ́n ṣe tò ó rọrùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Pánẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ fún pọ́ǹpù tààrà, kò sí bátìrì láàárín wọn. Pọ́ǹpù ń gbé omi sínú àgbá ńlá tí wọ́n mọ sókè díẹ̀. Níbì kan odò tí kì í gbẹ ló ń fà, níbòmíì inú kànga jíjìn. Láti inú àgbá, omi ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣàn wọ inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí ebè, ó sì ń kán tó, tó, tó, sí ìdí igi tòmátì kọ̀ọ̀kan. Bátìrì ni nǹkan tó máa ń kọ́kọ́ kú nínú sólà ilé wa, òun náà ló sì máa ń wọ́n láti pààrọ̀. Níbí, omi inú àgbá ni bátìrì. Ohun tó wù wá jù nínú rẹ̀ ni pé oòrùn tó ń mú òùngbẹ gbẹ ewébẹ̀ náà ló ń fa omi: lọ́jọ́ tó bá mú ganrínganrín, pọ́ǹpù á sáré, lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá ṣú, ewébẹ̀ pẹ̀lú kì í mu púpọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ lọ sílé, ìṣirò rẹ̀ rèé. Tiwa ni àwọn nọ́ńbà yìí, fún àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ti ìwádìí náà. Ẹ fi iye omi (lítà ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún) lóòjọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú gíga tí omi máa gùn ní mítà, kí ẹ sì tún sọ ọ́ di ìlọ́po 2.7. Ohun tó bá jáde ni wáàtì-wákàtí tí omi nìkan ń fẹ́. Ìdajì hẹ́kítà lè fẹ́ 25,000 lítà. Bí kànga bá jìn tó bẹ́ẹ̀ tí omi máa gùn mítà 30 kó tó wọ àgbá: 25 × 30 × 2.7, ó tó 2,025. Pọ́ǹpù kékeré máa ń ṣòfò ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, nítorí náà ẹ pín in sí 0.4, ó di bí 5,000. Ẹ pín in sí wákàtí oòrùn gidi márùn-ún, ó kù 1,000 wáàtì. Ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé e nítorí eruku àti ooru, 1,300 wáàtì nìyẹn, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 330. Ọgbà yẹn kan náà létí odò, tí omi ń gùn mítà mẹ́jọ péré, 350 wáàtì ti tó o. Iyàn tí àwọn èèyàn máa ń jà lórí irú pánẹ́ẹ̀lì tó dára jù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè yìí: báwo ni omi ṣe jìn tó?

Kalalé wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá sókè ìlà agbedeméjì ayé. Gúúsù ni pánẹ́ẹ̀lì á kọjú sí, á sì dagun ní ìwọ̀n mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá tẹ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ, òjò kò ní lè fọ̀ ọ́. Ọyẹ́ ń da eruku tó dà bí lẹ́búlẹ́bú lé e lórí. Ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí ó tó gbóná, nítorí omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè là á. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lórí pánẹ́ẹ̀lì kan tó láti fa gbogbo èyí tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá aṣọ sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pánẹ́ẹ̀lì ló máa ń dá irú ọgbà yìí dúró. Asẹ́ tó ń sẹ́ omi kó tó wọ inú rọ́bà ni. Ihò tí omi ń gbà kán jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí iyanrìn wẹ́wẹ́ kan tàbí èèhọ́ omi díẹ̀ fi lè dí i. Tí ẹ bá rí igi tòmátì méjì tó rọ láàárín mẹ́wàá tó dúró ṣánṣán, ẹ má kọ́kọ́ pe kòkòrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́wọ́ sábẹ́ rọ́bà, ẹ ka ìkán omi. Ibi tó bá ti dí, ẹ fi ìka méjì fún un pọ̀ bí ẹni ń fún ọmú ewúrẹ́. Ó lè ṣí. Bí omi bá jẹ́ ti odò, ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú asẹ́ kí wọ́n sì ṣàn án láti inú wá sí ìta. Lọ́sẹ̀ kan ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n ṣí ẹnu ìparí rọ́bà kọ̀ọ̀kan títí omi mímọ́ á fi jáde. Kí àgbá ní ìdérí, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú èèhọ́ hù. Omi inú àgbá tí kò ga tó kò ní lè ti ara rẹ̀ jìnnà, nítorí náà ẹ má fa rọ́bà gùn kọjá bí mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tó sún mọ́ àgbá á yó, ìparí ebè á gbẹ.

Lẹ́yìn asẹ́, ọkọ́ ló kàn. Ẹni tó ń ro oko á gé rọ́bà láìmọ̀, bí wọn kò bá sì ní ìsopọ̀ kékeré lápò, omi á máa ṣòfò títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Eku ń jẹ ẹ́ nítorí òùngbẹ. Màlúù tí kò rí koríko tútù fún oṣù mẹ́rin á já wọlé bí wáyà ọgbà kò bá le. Pọ́ǹpù kànga kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ kànga, kí iyanrìn má jẹ ẹ́. Ẹ gbé e sókè ní mítà méjì ó kéré tán, kí ẹ sì so ohun tó máa dá a dúró fúnra rẹ̀ mọ́ ọn fún ìgbà tí omi bá lọ sílẹ̀. Ààrá àkọ́rọ̀ òjò ń jó àpótí tó ń darí iná, ó sì gbọ́dọ̀ ní irin tí wọ́n rì sílẹ̀.

Ta ni ń san gbogbo èyí? Ohun tó gbé Bessassi àti Dunkassa yọ lójú wa nìyí. Nígbà ìwádìí náà, obìnrin 30 sí 35 ló ń lo ọgbà ìdajì hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ wọn sì ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Wọn ò pín gbogbo ilẹ̀ náà tán. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí kálukú ti gba abala tirẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló jọ ń ro ó, owó rẹ̀ sì ń lọ sí àpò ẹgbẹ́ fún ìnáwó. Ó jọ àjọ, àmọ́ tòmátì ni wọ́n ń dá dípò owó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lóṣù yìí kò ní láti wá sẹfà kíá kó tó lè san tirẹ̀.

Ìwádìí náà ṣírò rẹ̀. Gbígbé ọgbà kan kalẹ̀ ná wọn ní nǹkan bí 18,000 dọ́là, ìyẹn bí 475 lórí abala kan. Ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dún, bí 5,750, tàbí 143 lórí abala. Nígbà náà, ọgbà kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1.9 ewébẹ̀ jáde lóṣù: tòmátì, ilá, ata, ìgbá, kárọ́ọ̀tì. Obìnrin kan ń gbé bí kìlò 8.8 lọ sílé lóṣù, ó sì ń ta èyí tó kù. Lójú ìṣirò wọn, owó ìbẹ̀rẹ̀ á padà wálé ní ọdún méjì ó lé díẹ̀. Ohun tó mú ká fọkàn tán nọ́ńbà wọ̀nyí ni pé wọ́n ti bi àwọn ilé léèrè kí ẹ̀rọ tó dé, wọ́n sì padà lọ bi wọ́n lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n fi wọ́n wé àwọn abúlé tó jọ wọ́n, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣì ń gbé agolo. Ọ̀pọ̀ ìròyìn iṣẹ́ sólà tí à ń kà, fọ́tò ló kún inú rẹ̀.

Síbẹ̀ owó ìbẹ̀rẹ̀ kò ti àpò wọn jáde, ọrẹ ni. Bí ọdún méjì bá tó láti dá owó padà, kí ló dé tí ilé ìfowópamọ́ kò fi yá wọn? Nítorí pé ẹni tó ní abala mítà onígun mẹ́rin 120 kò ní ìwé ilẹ̀ tó lè fi dúró, àti pé ọjà tòmátì kì í dúró lójú kan. Bí gbogbo ọgbà bá ka lọ́sẹ̀ kan náà, owó apẹ̀rẹ̀ á já lulẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á pín ìgbà gbígbìn láàárín ara wọn, á fi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra, á sì fi ilá àti ata dí àárín, torí ata ṣeé sá, tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá dé ọgbà, ẹ kí àwọn ìyá náà kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó gbọ́ Ìbàrìbá wà pẹ̀lú yín. Faransé nìkan kì í tó. Ẹ ní kí wọ́n fi asẹ́ hàn yín, kí ẹ sì béèrè ẹni tó tú u gbẹ̀yìn àti ọjọ́ wo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè ìwé àkọsílẹ̀ owó ilẹ̀ àjọro. Ọkọ̀ tó ń padà sí Nikki kì í pọ̀ lọ́sàn-án, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́bàá ọ̀nà kí oòrùn tó kan àtàrí.