Wíìgì tó ga ju olórí rẹ̀ lọ

Ọ̀kún o, ẹ̀yin tèmi! Ìdíje wíìgì aláràbarà alẹ́ àná ní Kàbà ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ọkọ̀ ojú omi kékeré jókòó téńté lórí rẹ̀, bíi ti àwọn obìnrin Faransé ní 1778. Kó tó dé iwájú adájọ́, ó ti dojú dé! Wáyà rẹ̀ fẹ́lẹ́, gbogbo ẹrù sì wà lókè. Ìdí ni kí ẹ mú le: ẹ rán wáyà mọ́ fìlà wíìgì yíká, ẹ ki fóòmù sínú, kí ẹ tó rán irun mọ́ ọn. Irun àtọwọ́dá kò fẹ́ áyọ́ọ̀nù, yíyọ́ ló máa yọ́. Omi gbígbóná ni kí ẹ rì í sí, kó lè dúró bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Ẹni tó lo gúlù nìkan, òógùn ti tú tiẹ̀ kó tó dórí ìtàgé.