Aṣọ Ìbora Ìdíje ACC: Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Lọ

Oṣù Kejì 2025

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé ní ọdún yìí ni aṣọ ìbora kan tí mo ń fi kóróṣé hun, tí yóò sọ ìtàn ìdíje bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àwọn obìnrin ti Atlantic Coast Conference, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo wa ní North Carolina níhìn-ín mọ̀ sí ACC, láti 1988 tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a títí di 2024. Ìlànà rẹ̀ kò le rárá. Ọdún kọ̀ọ̀kan gba ìlà mẹ́rin, àwọ̀ yunifásítì tí ó gba ife lọ́dún náà ni mo sì fi ń hun ún. Ọdún 37 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ìlà 148 ni mo ní láti hun kí n tó kan ìgbátí.

Òwú rẹ̀ kò pọ̀ ní oríṣi, nítorí pé yunifásítì márùn-ún péré ni ó ti gba ife náà láàárín ìgbà yẹn. North Carolina gbà á lẹ́ẹ̀mejìlélógún, Florida State gbà á lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, Virginia gbà á lẹ́ẹ̀mejì, NC State àti Wake Forest sì gbà á ní ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan. Mo yan àyìnrín fún North Carolina, àwọ̀ àlàárì pẹ̀lú fọ́nrán wúrà fún Florida State, aró àti àwọ̀ ọsàn fún Virginia, pupa fòò fún NC State, dúdú àti wúrà fún Wake Forest.

Pupa fòò ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹni tí ó bá sì mọ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà yóò kọ́kọ́ rò pé mo ṣi òwú mú. Mi ò ṣì í. Ní 1988, NC State ni ó gba ife àkọ́kọ́ mọ́ North Carolina lọ́wọ́ nípa pẹnáritì. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn ni pé North Carolina wà láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 103 tí ẹnikẹ́ni kò ti borí wọn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tí kò sì dópin títí Connecticut fi nà wọ́n ní oṣù kẹsàn-án 1990. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó bá di pẹnáritì, ọ̀mì ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà ife bọ́ lọ́wọ́ North Carolina láìjẹ́ pé wọ́n kà á sí pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì gbogbo Amẹ́ríkà, lọ́dún kan náà, àmì ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan ni North Carolina fi gbẹ̀san. Ìlà mẹ́rin yìí ni mo fẹ́ràn jù lórí aṣọ náà.

Oṣù Kẹrin

Àyìnrín, àyìnrín, àyìnrín. Láti 1989 títí di 2003, ọdún 15 gbáko, kò sí ẹlòmíràn tí ó fọwọ́ kan ife náà. Ìgbà yìí ni Mia Hamm gbá bọ́ọ̀lù fún North Carolina, láti 1989 sí 1993, tí ó sì fi sáà 1991 sílẹ̀ láàárín kí ó lè bá Amẹ́ríkà lọ sí ìdíje àgbáyé. Anson Dorrance, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó wà nídìí ẹgbẹ́ náà láti 1979, ni ó kọ́ ikọ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ife àgbáyé ọdún náà pẹ̀lú.

Nínú ìtàn, ohun ńlá ni èyí. Nínú ìhunṣọ, ìlà 60 tí kò yàtọ̀ síra wọn ni. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ ìhunṣọ wa wò ó, ó sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi fọ́nrán funfun tín-ín-rín la ọdún kan sí èkejì, kí ojú lè máa kà á. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn rí i pé wọ́n padà wá gbá a lọ́dọọdún, wọn kò gba ife kan ṣoṣo kí wọ́n gbé e fún ọdún 15.

Òwú àyìnrín tí mo kọ́kọ́ rà kò lè ká gbogbo rẹ̀, èyí tí mo sì tún rà ti dúdú díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé aró ọ̀tọ̀ ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Virginia ni ó gbà mí, nítorí àwọn ni wọ́n gba ife 2004. Aró àti àwọ̀ ọsàn wọn dábùú láàárín 2003 àti 2005, mo sì bẹ̀rẹ̀ òwú tuntun ní òdìkejì rẹ̀, fún 2005 sí 2009.

Oṣù Kẹfà

Wake Forest gba 2010, lẹ́yìn náà ni aṣọ yí padà pátápátá. Florida State kò tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin títí di 1995, ṣùgbọ́n láti 2011 títí di 2024, ọdún mẹ́ta péré ni ife náà bọ́ lọ́wọ́ wọn: Virginia ní 2012, North Carolina ní 2017 àti 2019. Mark Krikorian, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, Brian Pensky gba ipò rẹ̀, àwọ̀ àlàárì kò sì já: láti 2020 dé 2024, ọdún márùn-ún tẹ̀ léra wọn.

Inú mi dùn láti hun 2023. Lọ́dún yẹn ni Onyi Echegini, tí ó ti bá Super Falcons lọ sí ìdíje àgbáyé, gba ẹ̀bùn MAC Hermann gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó ta yọ jù ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Toni Payne, ẹlòmíràn nínú àwọn Super Falcons wa, Duke ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù, Duke kò sì tíì gba ife yìí rí. Ó dùn mí díẹ̀ pé kò sí àwọ̀ wọn lórí aṣọ náà.

Oṣù Keje

Mo rán ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan mọ́ etí ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹni tí ó gba ife ACC bá tún gba ife NCAA ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìlẹ̀kẹ̀ 18 ni ó jẹ́: 14 fún North Carolina, mẹ́rin fún Florida State, ní 2014, 2018, 2021 àti 2023. Títí di 2024, Florida State kò gba ife NCAA rí láìjẹ́ pé ti ACC wà lọ́wọ́ wọn. Ti North Carolina kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n gba NCAA ní 1988, 2012 àti 2024 nígbà tí ife ACC wà nílé ẹlòmíràn. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ àyìnrín sí etí ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí, lórí àwọ̀ àwọn tí ó gba ACC. Ti 2024 yani lẹ́nu jù, nítorí Dorrance fẹ̀yìn tì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, Damon Nahas ni ó sì darí wọn dé ibi ife.

Mi ò ní so òpin aṣọ náà. Stanford, California àti SMU wọ ACC ní 2024, Stanford sì wà nínú àwọn mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje NCAA lọ́dún náà, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ACC. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo ń kan ìgbátí sí báyìí, mo sì ti ra òwú pupa Stanford sílẹ̀ de oṣù kọkànlá.