Sítíárìn méjì, ẹ́ńjìnnì kan

Láti bí oṣù mẹ́rin ni àwọn èrò tó ń bá mi wọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ti ń bi mí léèrè àga tó wà lórí òrùlé ọkọ̀ ojú omi mi. Wọ́n ń bèèrè bóyá sítíárìn tòótọ́ ni ti òkè yẹn àbí ẹ̀ṣọ́ lásán. Tòótọ́ ni. Awakọ̀ mẹ́ta ti sọ pé àwọn náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní èbúté Olúwo ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 28, Yamaha 75 kan ló wà nídìí rẹ̀. Iwájú lábẹ́ òrùlé ni awakọ̀ ń jókòó. Ibẹ̀ dára nígbà òjò, àmọ́ ojú kì í ríran jìnnà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà wa á mọ ohun tí mò ń wí. Ewéko olódòdó àlùkò tó gba ìhà Bàdágìrì wọlé ní 1984 kì í jẹ́ ká rójú omi. Àwọn kan ń pè é ní ojú oró, ṣùgbọ́n ojú oró ti wà lódò wa kí èyí tó dé. Tó bá ti tẹ́ bí ẹní, igi gẹdú tó já lára ìdì àwọn agẹgi lè sùn sábẹ́ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, ewé lásán lo máa rí. Láti òkè, wàá rí i pé ewé wú díẹ̀ níbì kan, o ó sì yà fún un kí pùròpẹ́là tó bá a pàdé.

N kò kúkú lè gbé sítíárìn ìsàlẹ̀ lọ sókè pátápátá. Bí ìjì bá jà lórí ọ̀sà Lẹ́kí, ẹni tó bá jókòó sórí òrùlé á máa fa ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Wẹ́dà mi fẹ́ fi páìpù irin ṣe àga náà, mo kọ̀, mo ní àlúmíníọ̀mù ni, nítorí ọkọ̀ tórí rẹ̀ bá wúwo máa ń fẹ́ dojú dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gòkè. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, á sọ̀ kalẹ̀. Ọmọdé kì í gun ibẹ̀, bó wù ú kó sunkún.

Sítíárìn gan-an kò nira. Hydraulic ni mo lò, ọ́ìlì ló ń ti ọ̀pá tó ń yí ẹ́ńjìnnì. Páńpù kékeré kan wà nídìí sítíárìn kọ̀ọ̀kan. Hóòsì ọ̀tún ti òkè pàdé ọ̀tún ti ìsàlẹ̀, òsì pàdé òsì, kí wọ́n tó jọ lọ sẹ́yìn. Hóòsì kẹta so ilé ọ́ìlì méjèèjì pọ̀, kí ti òkè lè máa bọ́ ti ìsàlẹ̀. Fáàfù inú páńpù ni kì í jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ máa yí nígbà tí mo bá ń yí ti òkè. Ìdérí tó ní ihò ìmí, òkè ni ẹ fi sí. Ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dí pinpin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ọ́ìlì òkè á gba ibẹ̀ ṣàn jáde.

Afẹ́fẹ́ inú hóòsì ló gba ọ̀sán odindi lọ́wọ́ wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rọ ọ́ìlì lókè, èmi dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo ki hóòsì tín-ín-rín kan bọ ìgò tó mọ́ gaara. “Yí i sọ́tùn-ún. Dúró. Yí i sí i.” Ìfófòó funfun bíi ti ọṣẹ ló kọ́kọ́ jáde, ìhó ńláńlá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja, títí ọ́ìlì fi ń bọ̀ gbọrọ láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́ kù, sítíárìn á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ó yí i, ẹ́ńjìnnì ò ní dáhùn.

Jíà àti iná, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré, ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ọ̀pá tí awakọ̀ ń fọwọ́ tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sì ní kébù méjì, ọ̀kan fún jíà, ọ̀kan fún iná. Ọ̀pá méjì, kébù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò ní ju apá jíà kan àti apá iná kan lọ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé iṣẹ́ fún kàn fi bóòtì kan de kébù méjèèjì pọ̀ mọ́ apá jíà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ti ti òkè, ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó le díẹ̀ lọ́wọ́, mo rò pé torí ó jẹ́ tuntun ni.

Ọjọ́ ọjà ni. A ń wọ Olúwo, mo wà lókè, mo fẹ́ fa jíà sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè dúró. Ìyá ẹlẹ́ja kan dìde níwájú láti gbé bàsíà rẹ̀, ọkọ̀ mì, ó sì di ohun tó sún mọ́ ọn jù mú. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni. Mo fà, kò wá. Mo fi agbára fà á, mo gbọ́ “kẹ̀”, ọ̀pá náà sì wá sọ́wọ́ mi fẹ́rẹ́. Ọkọ̀ ò dúró. Ó forí sọ òpó èbúté. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ imú ọkọ̀ là, ẹja ìyá náà sì dà sómi. Mo san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ẹ́ńjìnnì, ẹnu kébù òkè ti ká kọdọrọ bí ìwọ̀. Ó wà nílé mi títí di òní.

Àwọn àgbà ní ọba kì í pé méjì láàfin. Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ ni àpótí tí àwọn oníṣòwò ohun èlò ọkọ̀ ń pè ní DS unit. Méjì la rà, ọ̀kan fún jíà, ọ̀kan fún iná. Kébù òkè àti ti ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀, kébù kan ṣoṣo ló jáde lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá tó bá kọ́kọ́ kúrò ní fíríì ló láṣẹ, ti èkejì kò ní ríṣẹ́ ṣe mọ́. Kí àṣẹ tó lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní fíríì.

Ọ̀gá rìwáyà tún fi kún un. Wáyà sítáàtì gba suwíìṣì fíríì òkè kọjá kó tó gba ti ìsàlẹ̀, bí ilẹ̀kùn méjì tó tẹ̀ léra, ọ̀kan bá tì, ẹ́ńjìnnì ò ní jí. Ti okùn tí awakọ̀ ń so mọ́ra, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú, yàtọ̀ síyẹn. Lórí Yamaha mi, ìgbà tí wáyà funfun bá kan dúdú ni ẹ́ńjìnnì ń kú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ara wọn la so suwíìṣì méjèèjì sí, kí èyí tí okùn rẹ̀ bá já nínú wọn lè pa á. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tó jẹ́ pé bí wáyà bá já ni wọ́n ń kú. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà yín wò ó kó tó gé nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìyá yẹn kò rí nǹkan mìíràn dì mú. Mo ní kí káfíńtà fi pákó bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀, kí wẹ́dà sì de irin gbọọrọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún ọwọ́ àwọn èrò. Ó yẹ kí n ti ṣe ìyẹn kí n tó ronú kan sítíárìn kejì rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń ti Èjìrìn bọ̀. Láti òkè, mo rí igi gẹdú kan, mo yà fún un, orí rẹ̀ tó yọ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò pẹ́ tí òjò fi ṣú. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo ké pé, “Fíríì lókè!” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, “Fíríì nísàlẹ̀, sà!” “Gbà á.” “Mo ti gbà á, sà.” Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sáàárín èrò. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn wà níbi tó máa ń jókòó sí, bàsíà rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin.