Ta ló ti géètì?

Ọjọ́ Ajé, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin. Òòrùn ti wọ̀ kí n tó ráyè jókòó kọ èyí.

Láti àárọ̀ ni fóònù mi ò ti sinmi, gúrúùpù WhatsApp àwa tá à ń tẹ̀ lé tíìmù àdúgbò wa ló ń hó yaya, torí ìwé ìròyìn kan níbí gbé e jáde pé àwa alátìlẹyìn la dá wàhálà sílẹ̀ níbi fáínà bọ́ọ̀lù ọlidé lọ́jọ́ Sátidé, pé a na ọlọ́pàá, a já géètì, a ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ rọrùn, èèyàn mélòó ló ń ra ìwé ìròyìn, àmọ́ rédíò kan kà á lédè Yorùbá láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé ìròyìn wò, oníyẹn sì ń kà á bí ẹni ń kéde ogun. Màámi gbọ́ ọ ní ìsọ̀ wọn lọ́jà Ouando, ni wọ́n bá pè mí. "Ṣé ìwọ náà wà lára àwọn jàǹdùkú yẹn?" Mo ní "Màámi, mo wà níbẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní "Rédíò ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi." Mo ṣàlàyé títí, wọ́n kàn ń ṣe hùn, hùn, wọ́n ní kí n má débẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀ torí oníbàárà dé.

Ẹ jẹ́ n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kó tó di pé àròsọ àwọn èèyàn á gba ipò ẹ̀ nínú orí èmi fúnra mi.

Pápá yẹn ní ògiri yíká, géètì onírin kan ṣoṣo ló ní, onílẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan ni wọ́n ṣí lọ́jọ́ náà kí àwọn tó ń gba 200 fráńkì lè rí èèyàn kà. Kò burú, owó ni wọ́n ń wá. Àmọ́ fáínà ni, ọ̀pọ̀ èèyàn kírun Alásàrí tán kí wọ́n tó jáde nílé, gbogbo wa wá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn onílù ń lù lẹ́yìn, àwọn ọmọ kéékèèké ń rá sábẹ́ apá àgbà kí wọ́n lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. A ṣì wà níta nígbà tí góòlù àkọ́kọ́ wọlé. Igbe ta nínú lọ́hùn-ún, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ò mọ̀ pé kò sáyè níwájú, ó tì, ẹni tí wọ́n tì náà tì ẹlòmíì. Ẹ̀rù ba ọkùnrin tó dúró lẹ́nu géètì, ó fa ìlẹ̀kùn yẹn dé, ó fi àgádágodo há a. Mi ò bá a wí tó bẹ́ẹ̀, àyà ẹ̀ já ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti dé ẹnu ìlẹ̀kùn wá há sáàárín, irin níwájú, èèyàn lẹ́yìn. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò lè tíì pé ọdún mẹ́wàá, mo rí ojú ẹ̀, ojú náà ti yí. A ń pariwo "Ẹ ṣí i! Ẹ ṣí i!" Ọlọ́pàá gbọ́ ariwo, wọ́n ya bẹ́líìtì yọ, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í na èèyàn, ẹni tí wọ́n bá nà wá ń sá lọ síwájú, síbi táwọn ẹlòmíì ti ń wá àyè mí.

Àwọn tó wà nínú pápá gun orí ògiri, wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe ń na àwọn èèyàn wọn, ni wọ́n bá ń ju omi ọlọ́rá, ẹnì kan sì ju òkúta, mo rí i kòrókòró, òkúta yẹn ló bà ọlọ́pàá kan lórí. Àwọn géńdé kan wá gbá géètì mú, wọ́n gbé e kúrò lórí ìkọ́ ẹ̀, èrò tú. Bí wọ́n ṣe tú ni wọ́n ya lu àgbada Ìyá onídùńdú, òróró gbígbóná dà sílẹ̀, Ọlọ́run ló yọ wá tí kò dà sára ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ọmọ yẹn jáde, wọ́n fẹ́ ẹ, ó sunkún, gbogbo wa mí kanlẹ̀.

Tí ẹ bá wá wo ohun tí ìwé ìròyìn kọ, kò sí irọ́ pọ́ńbélé kan tí mo lè nawọ́ sí. Ọlọ́pàá farapa? Bẹ́ẹ̀ ni. Géètì kúrò nípò ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjà Ìyá onídùńdú ṣòfò? Bẹ́ẹ̀ ni, a tiẹ̀ ti dáwó fún wọn. Ohun tó dùn mí ni pé àgádágodo ò sí nínú ìròyìn yẹn rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn látìgbà tí òkúta fò. Ọmọ ò sí níbẹ̀, bẹ́líìtì ò sí níbẹ̀, ìlẹ̀kùn kan tí wọn ò ṣí ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rò pé ńṣe la jí láàárọ̀ Sátidé tá a ní ẹ jẹ́ ká lọ já géètì ṣeré.

Mo ní àbúrò kan tó ń kọ ìròyìn, kì í ṣe fún ìwé ìròyìn yẹn o. Mo pè é lọ́sàn-án láti bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ta ni ẹ fẹ́ ká pè nínú yín?" Mo dákẹ́. Ó ní kọmisáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, ní nọ́ńbà, tẹ́ ẹ bá pè é wọ́n á gbé e, àwọn tó ṣètò bọ́ọ̀lù á kọ ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀, àmọ́ alátìlẹyìn ò ní ọ́fíìsì, kò ní agbẹnusọ, tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní owó zẹ́mìjàn, ìyẹn ọ̀kadà, tó máa gbé òun débẹ̀, àpò òun ló ti ń jáde. Mo gbà fún un níbi owó zẹ́mìjàn. Níbi tó kù mi ò gbà, torí ojú lásán tó géètì tó kúrò níkọ́ yẹn láti rí pé ẹnì kan ti í, àgádágodo náà ṣì wà lára ẹ̀ títí di àárọ̀ yìí tí mo gba ibẹ̀ kọjá.

Nínú gúrúùpù, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń wa zẹ́mìjàn, tí jẹ́sì Liverpool ò kúrò lọ́rùn ẹ̀ ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ló wá sọ pé tàwa kéré, ká lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Liverpool. Òótọ́ ló sọ. 15 oṣù kẹrin 1989, Liverpool fẹ́ gbá sẹmi-fáínà ife FA pẹ̀lú Nottingham Forest ní pápá Hillsborough, ní Sheffield. Èrò kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́, David Duckenfield tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ọjọ́ náà ní kí wọ́n ṣí géètì ńlá kan, géètì C, àwọn èèyàn ya gbabẹ̀, wọ́n tọ ihò abẹ́ àga kan tó já sí àárín àwọn tó ti há mọ́ra tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ihò yẹn láti darí wọn síbòmíì. Èèyàn 97 ló bá a lọ, ẹni ìkẹyìn nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní 2021 látàrí ohun tó ṣe é lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n bi Duckenfield, ó ní àwọn alátìlẹyìn ló fipá já géètì. Ọkùnrin tó pàṣẹ kí wọ́n ṣí i fúnra ẹ̀!

Ọjọ́ 19 oṣù yẹn, ìwé ìròyìn The Sun gbé e síwájú ìwé gàdàgbà pé òun ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, pé àwọn ará Liverpool ń yọ nǹkan lápò òkú, pé wọ́n ń tọ̀ sára ọlọ́pàá. Ibo ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Iléeṣẹ́ kan tó ń ta ìròyìn ní Sheffield ló gbà á lẹ́nu ọlọ́pàá àti aṣòfin kan. Àṣé àwọn náà ní kọmisáríà tó máa ń gbé fóònù. 2012 ni ìgbìmọ̀ kan tú ìwé síta pé wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọlọ́pàá 164 padà, 116 nínú ẹ̀ ni wọ́n ti yọ ohun tó lè tàbùkù iṣẹ́ ọlọ́pàá kúrò. Ọdún yẹn náà ni ìwé ìròyìn yẹn tún tọrọ àforíjì. Ó di 2016 kí ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú wọn tó sọ ọ́ síta pé wọ́n pa wọ́n lọ́nà àìtọ́ ni, àwọn alátìlẹyìn ò sì lẹ́bi kankan. Ọdún 27! Ẹni tí ọmọ ẹ̀ kú síbẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀, ó tún ń jà pé ọmọ òun kì í ṣe olè. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Liverpool ò ta ìwé ìròyìn yẹn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní 28 oṣù karùn-ún 2022, ojú wa ló ṣe, àwa tá à ń wo tẹlifíṣọ̀n Faransé. Fáínà Champions League ni, Liverpool àti Real Madrid, mo wò ó nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Djassin, iná ò tiẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Eré ò bẹ̀rẹ̀ lásìkò, wọ́n kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù nínú pápá pé àwọn alátìlẹyìn ló pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti wà níwájú géètì fún wákàtí méjì wà níta, géètì ò ṣí, wọ́n ń fọ́n tajútajú sí i lójú tòun tọmọ ẹ̀. Kò pẹ́ tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn nígbà yẹn, Gérald Darmanin, fi sọ pé 30,000 sí 40,000 ará Liverpool ló wá láìní tíkẹ́ẹ̀tì tàbí pẹ̀lú ayédèrú. Ayédèrú tí wọ́n rí gangan lẹ́nu ẹ̀rọ géètì ò pé 3,000. Fídíò kámẹ́rà pápá náà ńkọ́? Lẹ́yìn ọjọ́ 7 ó pa rẹ́, torí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Oṣù kejì 2023 ni ìgbìmọ̀ tí UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù tó ni fáínà náà, fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé UEFA ló lẹ́bi jù. Mo rántí pé nígbà tí mínísítà sọ̀rọ̀, àwa náà níbí ń sọ pé àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́tí wọ̀nyẹn, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́jẹ́sì Liverpool nìkan ló ń bá wa jà lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú lónìí ni pé tí akọ̀wé àwa alátìlẹyìn bá gbẹnu lé e, a ò ṣe nǹkan kan rárá, a kàn dúró bí áńgẹ́lì ni. Ká fi Accra wò ó, ibi tí àwọn ìyá wa ń ná lọ́jọ́ gbogbo. 9 oṣù karùn-ún 2001, Hearts of Oak àti Asante Kotoko, tíìmù Ghana méjì. Àwọn alátìlẹyìn Kotoko bínú, wọ́n fọ́ àga, wọ́n ń jù ú, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Ọlọ́pàá fọ́n tajútajú sáàárín wọn, wọ́n sá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà wà ní títì. Èèyàn 126 ló kú. Ère ọkùnrin tó gbé ẹnì kejì ẹ̀ wà níwájú pápá yẹn di báa ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àga tí wọ́n jù burú, mo gbà, ẹ mú ẹni tó jù ú. Ṣùgbọ́n àga kọ́ ló pa èèyàn 126. Ní N'Zérékoré ní Guinée náà, 1 oṣù kejìlá 2024, òkúta fò torí rẹfirí, tajútajú tẹ̀ lé e, wọ́n há sẹ́nu ọ̀nà, ìjọba ní 56 ló kú, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní 135. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáínà ni, bẹ́ẹ̀ náà ni pápá kékeré ni. Tí mo bá ń rántí ojú ọmọ yẹn, Guinée ló máa ń wá sọ́kàn mi.

Mo tún sọ èyí nínú gúrúùpù, wọ́n fẹ́ jẹ mí láìfiyọ̀ sí i: oṣù kọkànlá 2024, nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n na àwọn ọmọ Guépards, tíìmù orílẹ̀-èdè wa Benin, ní Tripoli lẹ́yìn òmì 0-0 pẹ̀lú Libya tó gbé wa lọ sí CAN, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ta ló dúró béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará Libya nínú wa? Kò sí. Ojú ẹsẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Mi ò ní wọn ò nà wọ́n o, mo ní a ò béèrè. Ẹnì kan fèsì pé "ṣé ará Libya ni ẹ́ ni?", ọ̀rọ̀ sì di ẹ̀rín.

Ibi tá a wá dé lálẹ́ yìí ni pé a máa kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn yẹn àti sí rédíò. Èmi ni wọ́n ní kí n fi Faransé kọ ọ́, torí kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀: iye ìlẹ̀kùn tí géètì ní, iye tí wọ́n ṣí, ta ló ní kọ́kọ́rọ́, ibo ni ọlọ́pàá dúró nígbà tí èrò ń dé. Mo wá kọ gbólóhùn kan pé lóòótọ́ ẹnì kan nínú wa ju òkúta, tí wọ́n bá wá a àwa ò ní fi í pa mọ́. Akọ̀wé ní kí n yọ ọ́. Ó ní ìyẹn nìkan ni wọ́n máa gbé jáde, tó kù á di ìgbẹ́. Kò jẹ́ irọ́, wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní tó bá kúrò èmi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, kó lọ wá kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Alájì tó jẹ́ alága wa ní ká má jà lórí fóònù, ká wá bá òun nílé lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Akọ̀wé ní òun á gbé fídíò tí òun yà lọ́jọ́ náà wá. Mo ní kó gbé gbogbo ẹ̀ wá láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má gé ibi òkúta kúrò.