Kí ni "gan-an" ń ṣe nínú gbólóhùn yín?

Ẹ ṣí ohun tí ẹ fi Yorùbá kọ kẹ́yìn, kí ẹ ka iye "gan-an", "púpọ̀" àti "dáadáa" tó wà níbẹ̀. Bí mẹ́ta bá ti pàdé nínú ìpínrọ̀ kan, ó ti ń sú ẹni tó ń kà á. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ohùn àti ojú máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́: a lè fa "gan-an" gùn, a lè la ojú, a lè ju ọwọ́, olùgbọ́ á sì mọ bí nǹkan ọ̀hún ti tó. Lórí ìwé, gbogbo ìrànlọ́wọ́ yẹn ti lọ. Ó ku "gan-an" nìkan, kò sì lè sọ ju pé nǹkan náà pọ̀ lọ. "Ilé náà ga gan-an." Ṣé ó ga ju ọ̀pẹ lọ ni, àbí ènìyàn gbọ́dọ̀ di fìlà mú kó tó lè rí òkè rẹ̀? "Ọbẹ̀ náà dùn gan-an." Ṣé iyọ̀ ló ṣe déédéé, àbí òórùn irú ló ń ta sánsán?

Tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fẹ́ tún irú gbólóhùn yìí ṣe, wọ́n á yọ "gan-an" kúrò, wọ́n á fi "lọ́pọ̀lọpọ̀" tàbí "kọjá àfẹnusọ" sí àyè rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyẹn, torí ohun kan náà ni wọ́n tún sọ, ó kàn gùn sí i ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣahun rárá, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá sì ṣe rẹ́gí kì í sábà nílò ìrànlọ́wọ́.

Ẹ wo "gbé". Ẹrù orí, rírù ni. Ọmọ ẹ̀yìn, pípọ̀n ni. Nǹkan tó pọ̀ nílẹ̀, kíkó ni. Àpò tó wúwo ju agbára ẹni lọ, wíwọ́ ni. Ìwé abẹ́ abíyá, híhá ni. Abẹ́rẹ́, mímú ni. "Ó gbé igbá" àti "ó ru igbá" kì í ṣe àwòrán kan náà. Nínú èkejì, a ti rí ọrùn tó dúró ṣinṣin, a ti rí ẹ̀yìn tó nà, òṣùká sì ti wà lórí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Oko ni àṣìṣe yìí ti ń dùn mí jù. "Wọ́n kórè iṣu, wọ́n kórè àgbàdo, wọ́n kórè ọsàn." Ẹ bi àgbẹ̀ léèrè, kò ní sọ ọ́ báyẹn. Iṣu, wọ́n ń wa á ni. Àgbàdo, wọ́n ń ya á. Ọsàn, wọ́n ń ká a. Ẹ̀fọ́, wọ́n ń já a. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bẹ́ ẹ. Ẹ̀gẹ́, wọ́n ń fà á tu. Àgbálùmọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣà á. "Kórè" ní àyè tirẹ̀, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àsìkò tàbí nípa iṣẹ́ náà lápapọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ nígbà mẹ́ta tẹ̀ léra, ẹ ti pa ọ̀bẹ, ọwọ́ àti ọkọ́ rẹ́ kúrò nínú ìtàn. Bí irè oko náà bá sì dé ilé ìdáná, ẹ tún ṣọ́ra: a ń bẹ iṣu, a ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń rẹ́ ilá, a ń gé ẹran.

"Bàjẹ́" náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ìgò fọ́, okùn já, aṣọ ya, igi ṣẹ́, ògiri sán kó tó wó, táyà bẹ́.

Mo fẹ́ yọ "sọ pé" àti "ó ní" sọ́tọ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Olùkà kì í rí wọn mọ́, ojú rẹ̀ ń fò wọ́n kọjá lọ bá ọ̀rọ̀ tí ènìyàn náà sọ. Òǹkọ̀wé tó ń sá fún "ó ní" tó wá ń kọ "ó tẹnu mọ́ ọn", "ó fi kún un", "ó tẹ̀ síwájú láti ṣàlàyé" ní gbogbo ìlà, òun gan-an ló ń fa olùkà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tún lè kú sínú "ṣe". A mú ọ̀rọ̀-ìṣe tó yè, a fi "ì" tàbí "à" sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, a wá gbé "ṣe" síwájú rẹ̀ kó lè tún ṣiṣẹ́. "Wọ́n ṣe ìpinnu": wọ́n pinnu. "Ó ṣe ìrànlọ́wọ́ fún wọn": ó ràn wọ́n lọ́wọ́. "Wọ́n ṣe àbẹ̀wò sí aláìsàn": wọ́n bẹ aláìsàn wò. "Ó ṣe àyípadà sí i": ó yí i padà. Èdè ìròyìn àti èdè ọ́fíìsì ló kọ́ wa ní èyí, ó sì ní ibi tó wúlò, bí àkọlé tàbí ìwé òfin, níbi tí orúkọ iṣẹ́ ti ṣe pàtàkì ju ẹni tó ṣe é lọ. Nínú ìtàn àti nínú àròkọ, ó ń mú kí gbólóhùn wúwo lásán. Àbúrò rẹ̀ ni "wáyé". "Ìjàm̀bá ọkọ̀ kan wáyé" kò ní ọkọ̀ tó ń lọ nínú, kò ní ariwo. "Ọkọ̀ akẹ́rù kan rọ́ lu bọ́ọ̀sì lẹ́yìn" ní méjèèjì. "Ìjà wáyé láàárín wọn" kéré sí "wọ́n fìjà pẹẹ́ta".

Ìgbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti jókòó dáadáa ni kí a tó kan àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń fi ìró yàwòrán. Kò sí ibi tí Yorùbá ti lọ́rọ̀ tó báyìí, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè tètè ṣìnà tó o. Ìdí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹni tó ń bá rìn. Ga fíofío. Gùn gbọọrọ. Tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wúwo rinrin. Tutù nini. Gbóná janjan. Kan gógó. Dùn yùngbà. Le koko. Ẹ kò lè pàrọ̀ wọn: "gbóná nini" á pa ọmọ ọdún márùn-ún lẹ́rìn-ín. Kódà lábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, wọ́n pín iṣẹ́. Omi inú ìkòkò kún dẹ́múdẹ́mú, ilé ìpàdé kún fọ́fọ́. Omi odò mọ́ gaara, aṣọ mọ́ nigínnigín, àgbàlá mọ́ tónítóní. Pupa fòò ni aṣọ tó ń tàn láti òkèèrè. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni èyí tí oòrùn ti ń fà lára rẹ̀. Ẹni tó pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́, àwọ̀ ara rẹ̀ là ń sọ. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá wù yín, ẹ pe gbólóhùn tí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan rí. Bí ẹ kò bá rí gbólóhùn náà pè, ẹ má tíì lò ó.

Ohùn wọn fúnra rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ẹ pe àwọn wọ̀nyí sókè: jágajàga, wúruwùru, játijàti, pálapàla, kábakàba, pẹ́rẹpẹ̀rẹ, gbéregbère. Ọ̀nà kan náà ni ohùn wọn ń gbà: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín. Nǹkan tí kò gún, tí kò tò, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Olùkà ti gbọ́ ìdàrúdàpọ̀ náà kó tó rántí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni róbótó àti ròbòtò: àwọn méjèèjì rí bìrìkìtì, ṣùgbọ́n ohùn òkè mú èkínní kéré, ohùn ìsàlẹ̀ mú èkejì tóbi. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i kò jẹ́ kí a mọ ìkan tó ní lọ́kàn. Ìdí rèé tí mi ò fi lè gbà pé ọ̀ṣọ́ ni àmì ohùn nínú irú àkọsílẹ̀ yìí.

Ìwọ̀n wá ńkọ́? Ẹyọ kan tàbí méjì nínú ìpínrọ̀ tó ń ṣàpèjúwe, ó tó. Nínú lẹ́tà iṣẹ́, ó lè máà sí rárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá etí dúró díẹ̀. Bí márùn-ún bá tẹ̀ léra, etí á dúró títí, ìtàn á sì sá lọ. Apohùn lè tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ nítorí pé ìlù àti ohùn rẹ̀ ń gbé wọn. Àròkọ kò ní ìlù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan papọ̀. Ìpínrọ̀ tó ti rẹ̀ rèé:

"Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ńlá kan wáyé ní ọjà. Òjò náà pọ̀ gan-an. Àwọn ènìyàn gbé àwọn ọjà wọn, wọ́n sì sáré gan-an. Ìyá alákàrà kan náà gbé àwọn ohun èlò rẹ̀ lọ sí abẹ́ ìsọ̀. Ara rẹ̀ tutù púpọ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá."

Èyí ni a tún ṣe:

"Láti ìdájí ni òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Kó tó di aago méje, ó ti ń lu páànù ọjà. Oníṣu ju tapólì bo iṣu. Aláta wọ́ àpò tàtàṣé wọ abẹ́ ìsọ̀. Ìyá alákàrà sọ agbada epo kalẹ̀, ó dé ẹ̀wà lílọ̀, ó tì í sábẹ́ àpótí. Ìró rẹ̀ rin gbingbin. Ó wo igi ìdáná tó ń rú èéfín, ó pòṣé."

"Wáyé" ti lọ. "Àwọn ènìyàn" ti di oníṣu àti aláta, "àwọn ohun èlò" ti di agbada, ẹ̀wà lílọ̀ àti àpótí. "Àwọn" mẹ́ta sì ti kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé a lé wọn. "Gbé" tó ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ pé àpò tàtàṣé wúwo, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́ ọ, a mọ̀. "Inú rẹ̀ kò dùn rárá" ti di òṣé tí etí ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó ń fi ìró yàwòrán, méjì péré ló wà níbẹ̀, dẹ̀dẹ̀ àti gbingbin, ìkan níbẹ̀rẹ̀, ìkan lápá ìparí. Òjò nìkan ṣì ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí a kò fọwọ́ kàn: ó lè máa kán tó-tó, ó lè jẹ́ òjò wẹliwẹli tí kò lé ẹnikẹ́ni wọlé, ó lè jẹ́ àrọ̀ọ̀rọ̀dá, àgbàrá rẹ̀ sì lè ya wọ ojúlé.

Ọ̀rọ̀ inú dídùn àti inú bíbàjẹ́, ọ̀nà kan náà ni: ẹ wá ohun tí ara ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fajú ro, ó ń gbọ̀n rìrì, ó yọ́ kẹ́lẹ́ jáde. Ẹni tó ka ìyẹn á fúnra rẹ̀ sọ bóyá inú dùn tàbí kò dùn.

Àkànlò èdè náà ń gbó. "Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi", "ọwọ́ ṣìnkún òfin tẹ̀ ẹ́", "wọ́n wọ́ ọ tuurutu": nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun, wọ́n dán. Ní báyìí, gbogbo ìròyìn ọ̀daràn ló ń lò wọ́n, ojú kò sì rí ọwọ́ tàbí igi kankan mọ́. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "Wọ́n mú un lẹ́nu ibodè, owó náà wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀." Ikú ló gba ìṣọ́ra jù. "Wàjà" jẹ́ ti ọba. Ẹ má fún ẹlòmíràn. "Erin wó" jẹ́ ti ẹni tí ìlú mọ̀ tóbi. "Papòdà" àti "dágbére fáyé" yẹ àgbàlagbà. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló lọ, èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ "kú", kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rírẹwà níbẹ̀ máa ń dùn àwọn ẹbí.

Ní ti òwe, èyí tí ẹ bá fi ṣí àròkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́, pàápàá "òwe lẹṣin ọ̀rọ̀". Lẹ́yìn náà, ẹ dán òwe ààbọ̀ wò. Gbogbo wa la mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí pé a mọ̀ ọ́n, kò yẹ kí ẹ kọ ọ́ tán. Bí ìyá arúgbó kan nínú ìtàn bá wọlé bá ìjà, tó sì bèèrè pé, "Ṣé kò sí àgbà lọ́jà yìí ni?", olùkà á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú á sì ti àwọn tó wà nínú yàrá náà.

Fún ìwádìí, ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham ṣe, tó jáde ní 1958, ṣì wúlò púpọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ó ti wà kí ìlànà àkọtọ́ 1974 tó dé, nítorí náà ẹ lè bá àkọtọ́ àtijọ́ níbẹ̀. Etí ni kí ẹ fi dán an wò: ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí níbẹ̀ fún ẹnìkan tó ń sọ Yorùbá lójoojúmọ́, bó bá ní kí ẹ tún un sọ, ẹ yọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà wá àwọn ọ̀rọ̀ tó ti rẹ̀ nínú iṣẹ́ yín, ẹ mọ̀ pé ó lè fo ọ̀pọ̀ wọn. "Ẹ́" kò ní kóòdù ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà; ẹ àti àmì òkè ni a so pọ̀. Kíbọọ̀dù kan á fi "ẹ" sílẹ̀ lódidi, òmíràn á fi "e", àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa ìkan náà ni wọ́n, ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí méjì. Dípò kí ẹ tẹ "púpọ̀" sínú àpótí ìṣàwárí, ẹ da ọ̀kan kọ láti inú iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi méjì ni ẹ ti kó àkọsílẹ̀ jọ, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ìkan láti apá kọ̀ọ̀kan. "Gan-an" rọrùn jù: ẹ tẹ "gan" láìfi àmì kankan sí i. Yóò kó "gangan" mọ́ ọn, ẹ fò ó.