Ìbéèrè Kan Ló Dá Yèyé Mi Láre

Ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti dé ilé. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àtàkúnmọ́sà, mo sì ti tẹ́ aṣọ síta. Ẹ̀yin tí ẹ pè mí títí tí ẹ ò gbọ́ ohùn mi, ẹ má bínú. Ẹni tí ikùn rẹ̀ wú dé àyà kì í rí èémí sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Oyún mẹ́ta. Ìkẹta ti pé oṣù mẹ́fà. Mi ò ní tún un sọ níbí. Obìnrin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ni ikùn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tí inú àwọn ará ọjà ń dùn. Ìyàwó tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oríire o mà. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ." Mo ti ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ̀ pé kò sí oyún. Omi ni. Mo ṣe àmín, mo bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún.

Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń dùn mí. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ní ọgbẹ́ inú ni. Ó yá, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Nígbà tí ẹyinjú mi di pupa rúsúrúsú, tẹbí-tará di dókítà: jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, ibà pọ́njú ni. Wọ́n bi mí léèrè bóyá mo ń mu ọtí, èmi tí mi ò fi ẹnu kàn án rí. Wọ́n wá hẹpatáítìsì nínú ẹ̀jẹ̀ mi, wọn ò rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló tún lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Wọ́n ní kí n máa lo oògùn, kí n máa gbàdúrà.

Mo sì lọ gbàdúrà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹni tó bí mi ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ní òun ló jẹ oyún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀dọ̀ ló kù tó ń jẹ báyìí. Yèyé mi! Ẹni tó fi owó àkàrà rán mi níwèé. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Oṣù mẹ́rin ni Yèyé ò fi wọ ilé mi. Bí ó bá gún iyán lọ́jọ́ Ìsinmi, ó máa ń fi rán ọmọ kan sí mi. Wọ́n ní n má jẹ ẹ́. Mi ò jẹ ẹ́. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Yèyé fún ìyẹn, mo tún ń tọrọ rẹ̀ níbí lójú gbogbo yín.

Ní òru tí nǹkan dójú ẹ̀, mi ò lè mí mọ́. Ọkọ mi wá mọ́tò, ó ní ilé ìwòsàn Ifẹ̀ ló kàn. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi jáde, Yèyé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìbora lọ́wọ́. Mi ò mọ ẹni tó pè é. Kò bèèrè bóyá kí òun wọlé, ó kàn wọ mọ́tò. Mi ò lè dùbúlẹ̀, nítorí bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, omi inú mi á gun àyà mi. Ó jókòó sẹ́yìn mi, ó fi àyà rẹ̀ gbé ẹ̀yìn mi dúró láti Iléṣà. Nígbà tí a dé Òṣú, ojú mi ń ṣú. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi: "Má sùn. Ọmọ mi, má sùn." Mo rò pé ibẹ̀ ni mo máa kú sí, lórí itan ẹni tí mo gbà gbọ́ pé ó ń pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ọmọdébìnrin dókítà kan ni, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Kò kọ́kọ́ wo ìwé tí a kó dání. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wo orí mi níbi tí irun ti re, ó wo àmì pupa tó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì kọjá lórí imú, èyí tí mo ti ń sọ pé ọṣẹ ló fà á. Ó ní ṣé oríkèé ara ń ro mí láàárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé oyún ti bàjẹ́ lára yín rí?"

Inú bí mi. Kí ló kan oyún nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀? Yèyé ló dáhùn. Kò sọ̀rọ̀, ìka mẹ́ta ló nà sókè, ìka náà sì ń gbọ̀n. Ó rò pé ẹjọ́ yẹn náà ni wọ́n tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣe síkáànù tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn. Iṣan ńlá mẹ́ta ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀ lọ sí ọ̀nà ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú méjì nínú tèmi. Ẹ mọ bí gọ́tà ọjà wa ṣe máa ń rí bí pàǹtírí bá dí i tí òjò sì ń rọ̀: omi á padà sẹ́yìn, á wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe padà sínú ẹ̀dọ̀ mi nìyẹn, tí ẹ̀dọ̀ wú, tí omi ń jò sínú ikùn. Àrùn tí wọ́n ń pè ní lupus ló wà nídìí rẹ̀, àti èkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní antiphospholipid syndrome. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n máa bá àrùn jà ló kọjú sí èmi fúnra mi, wọ́n wá sọ ẹ̀jẹ̀ mi di èyí tó ń yára dì.

Ọmọ yẹn pe Yèyé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé: "Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ibi ọmọ ṣiṣẹ́ dáadáa mà. Òun ló jọ pé ó ba àwọn oyún yẹn jẹ́."

Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe èmi?"

Ẹ gbọ́ mi o. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń bi ọmọ kékeré bóyá kì í ṣe òun ló jẹ ọmọ ọmọ òun. Wọ́n ti sọ ọ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ kò fi dá a lójú mọ́. Ọmọ yẹn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Kì í ṣe yín, mà."

Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i, mo mọ̀ pé ẹ ń ka èyí. Orúkọ àwọn dókítà òyìnbó méjì ni wọ́n fi ń pe dídí tí iṣan ẹ̀dọ̀ mi dí, Budd-Chiari: Budd kọ nípa rẹ̀ ní 1845, Chiari ní 1899. Ti ẹ̀jẹ̀ tó ń dì tó sì ń ba oyún jẹ́, dókítà Graham Hughes ti ṣàlàyé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti 1983, kí wọ́n tó bí mi. Yèyé mi kò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí. Ẹ wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ ilé rẹ̀.

Wọ́n fa omi kúrò nínú ikùn mi, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ warfarin, oògùn oníhóró tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá wọ́n tún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ṣe kó lè dájú, ohun kan náà ló jáde. Mo ń lo oògùn lọ ni. INR mi, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 3: bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún dì, bó bá ga jù, mo lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má gbé àgbo wá fún mi mọ́, ẹ má sì bá mi ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀fọ́ náà lè yí INR padà, ṣùgbọ́n kò di èèwọ̀ fún mi. Ìwọ̀n kan náà ni kí n máa jẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí n má jẹ ìkòkò kan lónìí kí n má fẹnu kàn án fún oṣù kan.

Ẹ̀yin obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára yín léraléra, ẹ sọ fún dókítà yín pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún èyí. Bí mẹ́sàn-án nínú àwọn mẹ́wàá tí lupus ń mú ló jẹ́ obìnrin. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọmọ ṣì ṣeé ṣe nígbà tí ara bá rọlẹ̀, pé wọ́n á yí warfarin padà sí abẹ́rẹ́ nítorí ọmọ inú. Ẹ má tíì bá mi kí o. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Ọkọ mi, Olúwa á san án fún ọ. Ó ta máṣíìnì rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n mọ̀.

Nígbà ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Yèyé ló di ọwọ́ mi mú wọ ilé Ọlọ́run, iwájú pátápátá ni a jókòó. Ó gún iyán lẹ́yìn ìsìn. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ìwọ ọmọ yẹn, wọ́n ní o ti parí níbẹ̀, o ti lọ sí ibòmíràn. Yáàdì mẹ́fà léèsì kan wà fún ọ níbí, Yèyé ló yan àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò tà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tún ń lọ sí Ifẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo máa gbé e dání, bóyá ẹnìkan níbẹ̀ á mọ ibi tí o wà.