Next of Kin Kì Í Ṣe Ajogún

Púpọ̀ nínú ìjà ogún tí wọ́n ti pè mí sí nínú ẹbí wa ní Èkó, orí fọ́ọ̀mù báǹkì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan yóò dìde láàárín ìpàdé, yóò ní orúkọ òun ni bàbá kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi next of kin, nítorí náà òun ni òun ni owó. Òfin kò mọ ìyẹn. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ni báǹkì yóò pè bí nǹkan bá ṣe oníbàárà wọn, báǹkì kan náà ni yóò sì sọ fún un pé kí ó lọ gba ìwé àṣẹ wá láti ẹ̀ka Probate, ìyẹn ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún, ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga kí wọ́n tó lè yọ kọ́bọ̀ kan fún un.

Bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹbí ni yóò yan àwọn tí yóò tọrọ àṣẹ láti bójú tó dúkìá rẹ̀. Ẹ̀ka Probate yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, iye tí ó wà ní báǹkì kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, àti àwọn onídùúró tí yóò fọwọ́ sí i pé bí àwọn alábòójútó bá ná owó olówó ní ìnákúnàá, àwọn ni yóò dáhùn. Wọn yóò kéde nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n tọrọ àṣẹ náà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè fi ìwé àtakò tí wọ́n ń pè ní caveat sílẹ̀, iṣẹ́ yóò sì dúró.

Nínú gbogbo èyí, àkọsílẹ̀ dúkìá ni ó nira jù. Àwọn bàbá wa a máa fi ohun ìní pamọ́ fún ìyàwó àti ọmọ bí ẹni pé olè ni wọ́n: ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí òun náà ti kú, tàbí ìpín ilé-iṣẹ́ tí wọ́n rà láyé ọjọ́un tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ sí. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ ṣe ìwé ìhágún, ẹ sáà kọ ohun tí ẹ ní sílẹ̀, kí ẹnì kan sì mọ ibi tí ìwé náà wà.

Bí a bá ti gba àṣẹ tán, ó wá ku pínpín. Ọkùnrin kan ní Èkó, Suberu Dawodu, kú láìṣe ìwé ìhágún, ó sì fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín ogún rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó, ìyẹn ìdí igi, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ, ìyẹn orí ò jorí? Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, wọ́n sì dá a ní 1962 pé ìdí igi ṣì ni àṣà Yorùbá, àti pé orí ò jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe pín in. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí lè gba iye tí ọmọ mẹ́rin ti ìdí igi mìíràn yóò jọ pín. Ní tèmi, mi ò rò pé ó dára fún ọmọ tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ń gba tirẹ̀ bí ọmọkùnrin ṣe ń gba tirẹ̀, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Opó ni àṣà yìí fi sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, nítorí ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àyàfi bí ìgbéyàwó wọn bá jẹ́ ti òfin ìjọba, tí òfin sì ya ìpín sọ́tọ̀ fún un.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ìdí igi, kí ó ṣe ìwé ìhágún, kí ó sì ṣe é dáadáa. Níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni kí ó ti fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí tí òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ní ìpín nínú rẹ̀ yóò pàdánù ìpín náà, nítorí náà ẹ má ṣe pe ọmọ yín wá jẹ́rìí. Bí ẹ bá tún ṣe ìgbéyàwó òfin lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ti àtẹ̀yìnwá ti di òfo nìyẹn. Ilé ẹbí tí ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín jọ jogún kò ṣe é kọ sínú rẹ̀ bí ohun tí ẹ dá ní. Ẹ̀ka Probate fúnra rẹ̀ a máa bá ènìyàn tọ́jú ìwé yìí, mo sì fara mọ́ ọn ju abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

Fún àwọn ará wa ní ìlú òyìnbó: àṣẹ tí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fún yín kò lè dá nìkan ṣiṣẹ́ lórí ilé tí ó wà ní Súrùlérè. Ẹ gbọ́dọ̀ mú un wá sí ilé-ẹjọ́ Èkó kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tiwọn sí i, kí àwọn alábòójútó tó lè ta ilé náà tàbí kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ ayálégbé.